Bí ẹ ṣe máa kọ́ kíláàsì yín pé Olúwa ni Jésù

Nígbà tí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi bá fẹ́ kọ́ni pé Ọlọ́run ni Jésù, orúkọ oyè ló sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀: Ọmọ Ọlọ́run, Mèsáyà, Ọba àwọn ọba. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ ti máa ń dàrú. Ẹnì kan á nawọ́, á ní, “Ṣebí ọmọ Ọlọ́run ni gbogbo wa?” Ẹlòmíràn á ní Sáàmù 82 pe àwọn kan ní ọlọ́run bẹ́ẹ̀ ènìyàn lásán ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, olùkọ́ á sì wá máa wá ibi tó máa bá yọ. Ẹ fi orúkọ oyè sílẹ̀ ná. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara ohun tó jẹ́ ti Ọlọ́run nìkan, tí kò fún ẹ̀dá kankan: ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀, ìdá ọ̀run òun ayé, ìjọsìn, àti orúkọ Rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí kíláàsì fi ojú ara wọn rí ẹni tí Májẹ̀mú Tuntun ń fi àwọn nǹkan wọ̀nyí fún.

Ọjọ́ Àìkú mẹ́rin ló gbà, ìṣẹ́jú 45 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí kíláàsì bá ju ogún ènìyàn lọ, ẹ pín in sí méjì, torí kíkà sókè ni iṣẹ́ náà, ó sì yẹ kí gbogbo ènìyàn rí nǹkan kà. Bíbélì orí fóònù kò burú, àmọ́ ojú ìwé kan ṣoṣo ló ń fi hàn lẹ́ẹ̀kan, ojú ìwé méjì sì ni a nílò. Nítorí náà ẹ so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì, kí ẹnì kan ṣí Májẹ̀mú Láéláé, kí ìkejì rẹ̀ ṣí Tuntun. Kí olúkúlùkù ní ìwé àjákọ kan tó fi rúlà pín sí òpó méjì. Ẹ má ṣe kó ibi kíkà jọ jù lọ́jọ́ kan. Olùkọ́ tó bá kó ẹsẹ ogún wá ń fi hàn pé òun mọ Bíbélì ni, àwọn tó ń gbọ́ kò ní rántí ẹyọ kan nígbà tí wọ́n bá fi máa délé.

Ọjọ́ kìíní: òrùlé tí wọ́n dá lu

Máàkù 2:1-12 nìkan ni kí ẹ kà. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kíní láìdúró, lẹ́ẹ̀kejì kí ẹ dúró ní ẹsẹ 5. Àwọn mẹ́rin gbé arọ kan wá, èrò kò jẹ́ kí wọ́n wọlé, wọ́n bá dá òrùlé lu, wọ́n sì sọ ẹní rẹ̀ kalẹ̀ síwájú Jésù. Gbogbo ilé ń retí kí ó ní “dìde.” Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé a dárí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ jì ọ́.

Ẹ bi wọ́n pé: bí Bọ́lá bá jẹ Ṣọlá ní 5,000 náírà, tí ẹni tó kàn ń kọjá lọ wá sọ fún Bọ́lá pé, “Má ṣèyọnu mọ́, mo ti fi gbèsè yẹn jì ọ́,” kí ni Ṣọlá máa sọ? Ẹ jẹ́ kí wọ́n dáhùn dáadáa. Ẹni tí a jẹ ní gbèsè nìkan ló lè fi gbèsè jini. Kí wọ́n wá ka ẹsẹ 7. Àwọn akọ̀wé òfin tó jókòó níbẹ̀ mọ ìṣirò yìí dáadáa: ta ló lè dárí ẹ̀ṣẹ̀ jini bí kò ṣe Ọlọ́run nìkan? Ìṣirò wọn kò ní àṣìṣe. Wọ́n kàn kọ̀ láti gba ohun tí ìṣirò náà ń tọ́ka sí ni. Jésù kò sì sọ pé wọ́n ṣi òun gbọ́. Ní ẹsẹ 10 ó ní kí wọ́n lè mọ̀ pé Ọmọ Ènìyàn ní àṣẹ ní ayé láti dárí ẹ̀ṣẹ̀ jini, ó sì mú arọ náà dìde lójú gbogbo wọn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́jọ́ yìí ni kí olùkọ́ sá lọ sórí ìwòsàn. Wòlíì Èlíjà àti Èlíṣà náà ṣe iṣẹ́ ìyanu ńlá, wọn kì í sì í ṣe Ọlọ́run. Bí ẹ bá fi ìwòsàn ṣe ẹ̀rí, ẹnì kan máa rán yín létí wọn, á sì jàre. Ìdáríjì ni kí ẹ dì mú.

Ọjọ́ kejì: ojú ìwé méjì

Iṣẹ́ òpó méjì nìyí, òun ló sì yẹ kó gba àkókò jù. Ẹni tó mú Májẹ̀mú Láéláé á kà sókè, wọ́n á kọ ọ́ sí òpó òsì. Èkejì á ka Tuntun, wọ́n á kọ ọ́ sí ọ̀tún. Kí olùkọ́ má sọ nǹkan kan títí wọ́n á fi kà á tán.

- Aísáyà 40:3 àti Máàkù 1:3
- Jóẹ́lì 2:32 àti Róòmù 10:9-13
- Aísáyà 45:22-23 àti Fílípì 2:9-11
- Sáàmù 102:25-27 àti Hébérù 1:8-12
- Aísáyà 44:6 àti Ìfihàn 1:17-18

Kí wọ́n fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sábẹ́ ẹni tí òpó kọ̀ọ̀kan ń sọ. Ní òsì, Ọlọ́run Ísírẹ́lì ni nínú gbogbo márùn-ún. Ní ọ̀tún, Jésù ni.

Ẹ dúró lórí ìkẹta. Nínú Aísáyà 45, Ọlọ́run fi ara Rẹ̀ búra pé Òun ni gbogbo eékún máa wólẹ̀ fún. Orí yẹn kan náà ni Ó ti ń sọ léraléra pé kò sí Ọlọ́run mìíràn, ó sì ti sọ ní 42:8 pé Òun kò ní fi ògo Òun fún ẹlòmíràn. Pọ́ọ̀lù, Júù tí wọ́n fi “Ọlọ́run kan ni” tọ́ dàgbà, mú ìbúra náà, ó sì ní ní orúkọ Jésù ni gbogbo eékún máa kúnlẹ̀. Kò sí ẹni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní èèṣì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ẹsẹ 11 dé òpin. Ọ̀pọ̀ máa ń dúró sí “Olúwa ni Jésù Kristi,” wọ́n á gbàgbé “fún ògo Ọlọ́run Baba.” Ìrù ẹsẹ yẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè sọ pé a gba ìtẹ́ lọ́wọ́ Baba fún Ọmọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ ní láti là yé wọn níbí, ìyẹn “Olúwa.” Ní Yorùbá, a lè pe ẹni tó ni ilé tàbí ẹni tó ga jù wá lọ ní olúwa. Nínú Májẹ̀mú Láéláé, Olúwa dúró fún orúkọ Ọlọ́run gan-an. Àwọn ẹ̀dà Bíbélì kan tiẹ̀ fi lẹ́tà ńlá tẹ̀ ẹ́, OLÚWA, kí a lè dá a mọ̀. Àwọn Júù tó túmọ̀ ìwé wọn sí èdè Gíríìkì lo Kyrios (ìyẹn Olúwa) fún orúkọ yẹn, Kyrios náà ni àwọn àpọ́sítélì sì ń pe Jésù. Torí náà, kì í ṣe gbogbo ibi tí ẹnì kan ti pe Jésù ní “Olúwa” nínú àwọn ìwé Ìhìnrere ni ẹ ti lè fi jiyàn. Ìgbà mìíràn, ọ̀wọ̀ lásán ni. Àwọn ibi tí ó ti wá láti inú Májẹ̀mú Láéláé tààrà, bí Róòmù 10:13, ni ọwọ́ yín ti le.

Ọjọ́ kẹta: Jòhánù, àti “ni” kékeré kan

Ẹ kọ Jòhánù 1:1 sára pátákó: “Ọ̀rọ̀ sì wà pẹ̀lú Ọlọ́run, Ọlọ́run sì ni Ọ̀rọ̀ náà.” Lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ gbólóhùn méjì: “Ọba ni Adé.” “Adé ni ọba.” Kí wọ́n sọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Èkíní ń sọ ohun tí Adé jẹ́. Èkejì ń sọ pé Adé ló wà lórí oyè, kì í ṣe ẹlòmíràn. Wàyí o, Bíbélì wa kò sọ pé “Ọ̀rọ̀ náà ni Ọlọ́run,” bí ẹni pé Baba kì í ṣe Ọlọ́run mọ́. Ohun tó sọ ni “Ọlọ́run ni Ọ̀rọ̀ náà”: ohun tí Ọlọ́run jẹ́ ni Ọ̀rọ̀ jẹ́. Nínú Gíríìkì pàápàá, ọ̀rọ̀ náà “Ọlọ́run” ló ṣáájú nínú gbólóhùn yẹn. Èdè wa gbé e dáadáa, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ kíláàsì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn tó ṣáájú rẹ̀, “pẹ̀lú Ọlọ́run,” kò jẹ́ ká da Baba àti Ọmọ pọ̀ mọ́ ara wọn.

Jòhánù 8:58 ni Yorùbá kò ti gbé e tán. “Kí Ábúráhámù tó wà, èmi ti wà” lè dún bí ẹni tó kàn dàgbà ju Ábúráhámù lọ. Nínú Gíríìkì, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni: Ábúráhámù di ẹni tó wà, Jésù sì ní “èmi wà,” láìsí “ti.” Ẹ ṣí Ẹ́kísódù 3:14 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí Ọlọ́run ti sọ fún Mósè pé, “Èmi ni ẹni tí ó wà.” Lẹ́yìn náà kí wọ́n ka ẹsẹ 59. Wọn kì í ṣa òkúta jọ nítorí ọjọ́ orí. Léfítíkù 24:16 ló sọ ohun tí òkúta wà fún: ọ̀rọ̀ òdì sí orúkọ Olúwa.

Ẹ fi Jòhánù 20:28 parí ọjọ́ yìí, kí ẹ sì fi í wé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 10:25-26 àti Ìfihàn 19:10. Kọ̀nílíù wólẹ̀ fún Pétérù, Pétérù gbé e dìde. Jòhánù wólẹ̀ fún áńgẹ́lì, áńgẹ́lì ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Tọ́másì pe Jésù ní Olúwa mi àti Ọlọ́run mi, Jésù kò dá a lẹ́kun.

Ọjọ́ kẹrin: àwọn ẹsẹ tó le, àti àṣẹ

Ẹ má ṣe fi àwọn ẹsẹ tó le pamọ́. Ọmọ kíláàsì tó bá kọ́kọ́ gbọ́ wọn lẹ́nu ẹlòmíràn á rò pé ẹ tan òun ni.

“Baba mi tóbi jù mí lọ” (Jòhánù 14:28) àti pé Ọmọ kò mọ ọjọ́ náà (Máàkù 13:32): ẹ fi Fílípì 2:6-8 dáhùn. Ẹni tó wà ní àwòrán Ọlọ́run rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé àwòrán ìránṣẹ́ wọ̀. Ní ipò yẹn ló ti ń sọ̀rọ̀. Ebi pa á, ó sùn, ó rẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá kọ́ni bí ẹni pé kì í ṣe ènìyàn gidi, ẹ ti ṣìnà sí apá kejì.

“Àkọ́bí gbogbo ẹ̀dá” (Kólósè 1:15) ló máa ń gba àríyànjiyàn jù, nílé Yorùbá sì ló yẹ kó rọrùn jù. Taiwo ló kọ́kọ́ jáde, Kẹ́hìndé la sì ń pè ní ẹ̀gbọ́n. A mọ̀ pé ipò yàtọ̀ sí ẹni tó kọ́kọ́ dé. Bákan náà, nínú Sáàmù 89:27, Ọlọ́run ní Òun máa fi Dáfídì ṣe àkọ́bí, Dáfídì tó jẹ́ àbíkẹ́yìn nínú ọmọkùnrin mẹ́jọ tí Jésè bí. Ipò àrẹ̀mọ ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ẹsẹ 16 tó tẹ̀lé e: nínú rẹ̀ ni a ti dá ohun gbogbo. Ẹni tí a fi dá ohun gbogbo kò lè wà nínú ohun tí a dá.

Ẹnì kan lè sọ pé Constantine ọba Róòmù ló sọ Jésù di Ọlọ́run ní ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní ìlú Niséà ní ọdún 325. Ohun tí Niséà ṣe ni pé ó dáhùn Arius, àlùfáà kan ní Alẹkisáńdríà tó ń kọ́ni pé ìgbà kan wà tí Ọmọ kò sí. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù kọ̀ ọ́: a bí i, a kò dá a, ohun kan náà sì ni òun àti Baba jẹ́. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 112, Pliny, gómìnà Bítíníà, agbègbè tí Niséà wà gan-an, ti kọ̀wé sí Trajan ọba Róòmù pé àwọn Kristẹni máa ń pàdé kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n a sì kọrin sí Kristi bí ẹni ń kọrin sí ọlọ́run. Ó ju 200 ọdún lọ ṣáájú ìpàdé náà. Lẹ́tà Pọ́ọ̀lù sí Fílípì sì ti wà pẹ́ ṣáájú ìyẹn pẹ̀lú.

Ẹ yẹra fún àpẹẹrẹ omi, yìnyín àti oru. Omi tó di yìnyín kì í ṣe oru mọ́, nígbà tí Jésù ṣe ìrìbọmi sì rèé (Mátíù 3:16-17), Ọmọ ń jáde kúrò nínú omi, Ẹ̀mí ń sọ̀kalẹ̀, Baba ń sọ̀rọ̀. Àpẹẹrẹ ẹyin náà kò dára jù ú lọ, torí èèpo nìkan kì í ṣe ẹyin. Kò sí àbùkù nínú kí olùkọ́ sọ pé ohun tí Ìwé Mímọ́ fi hàn nìyí, a kò rí ohun tó jọ ọ́ láyé.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ẹ̀gbọ́n bàbá tàbí àna tó jẹ́ Mùsùlùmí. Ẹ kọ́ wọn láti máa fi Máàkù 12:29 bẹ̀rẹ̀ nílé, pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ni àwa náà gbà, kí wọ́n sì máa bá àgbà sọ̀rọ̀ bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́.

Fi ìṣẹ́jú 15 tó kẹ́yìn sílẹ̀ fún àṣẹ rẹ̀. Ẹ ka Mátíù 28:18, kí ẹ sì ka Ìṣe 19:13-16 tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ Síkéfà méje fẹ́ fi orúkọ Jésù lé ẹ̀mí èṣù jáde bí ẹní ń pe ọfọ̀, wọ́n sá jáde ní ìhòhò pẹ̀lú ọgbẹ́ lára. Nínú ìjọ wa, a máa ń pariwo “Ní orúkọ Jésù!” títí ilé á fi mì, ó sì dára. Àmọ́ àṣẹ yẹn kì í ṣe ohun èlò lọ́wọ́ wa, Olúwa ló ni í. Kí wọ́n ka Lúùkù 6:46, níbi tó ti béèrè ìdí tí wọ́n fi ń pe òun ní “Olúwa, Olúwa” tí wọn kò sì ṣe ohun tí òun wí. Lẹ́yìn náà, kí olúkúlùkù ṣí ojú ewé tuntun nínú ìwé àjákọ rẹ̀, kó kọ ohun kan tí Jésù pa láṣẹ tí òun kò tíì ṣe: ẹni tí kò tíì dárí jì, owó tí kò tíì dá padà. Ẹ má ṣe gba ìwé náà kà. Kí wọ́n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n máa lọ sílé.