Fáìlì prógráàmù ìsìnkú: ohun tẹ́ ẹ máa yẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó gbé e lọ tẹ̀

L'Ádó-Èkìtì níbí, tí ìyá àgbà kan bá ti kú, àwọn ọmọ á dé láti Èkó, wọ́n á ní àwọn fẹ́ prógráàmù aláwọ̀ mèremère, àìsùn sì ti di Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Dìsáínà á fi gbogbo òru ṣe é, tí wọ́n bá wá tẹ̀ ẹ́ tán tí kò dáa, á ní ẹ̀rọ àwọn atẹ̀wé ni ò dáa. Irọ́ ni o jàre, lọ́pọ̀ ìgbà inú fáìlì ló ti bàjẹ́ wá.

Ìwọ̀n ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. A5 la máa ń ṣe jù, ìyẹn 148 sí 210 mílímítà, àmọ́ ẹ má ṣí fáìlì yín ní ìwọ̀n yẹn gẹ́lẹ́, ẹ fi mílímítà 3 kún un yí po kó di 154 sí 216, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí àwọ̀ ẹ̀yìn àti fọ́tò tó kan etí ìwé dé ibẹ̀. Òkìtì bébà ni wọ́n ń kó sábẹ́ ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì máa ń yẹ̀ díẹ̀, tí àwọ̀ yín bá parí sórí ilà gan-an, funfun tẹ́ẹ́rẹ́ á yọ létí ìwé bíi síńgílẹ́ẹ̀tì tó yọ lábẹ́ bùbá. Ọ̀rọ̀ ní tiẹ̀, ẹ fà á wọnú tó mílímítà 5, kí ọ̀bẹ má lọ gé orúkọ olóògbé. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n máa ká sí méjì kí wọ́n tó kàn án láàrin, ojú ewé ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe é fi 4 pín: 16, 20, 24. Ẹ má gbé 18 wá. Tí ojú ewé ò bá pé, ẹ lọ bá àwọn àgbà ilé, ẹ gba oríkì kún un.

Fọ́tò: 300 dpi, ìyẹn píksẹ́ẹ̀lì (àmì kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò) 300 nínú íǹṣì kan, ní ìwọ̀n tó máa jáde lórí bébà. Fọ́tò tó máa gba odidi ojú ewé A5 gbọ́dọ̀ tó nǹkan bíi 1,820 sí 2,550 píksẹ́ẹ̀lì. Àwọn kan á mú fọ́tò kékeré, wọ́n á kàn tẹ 300 sínú àpótí dpi, wọ́n rò pé ó ti tán, nǹkan tí ò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò lè dédé wá síbẹ̀. Ẹ ní kí ẹbí fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bíi document, torí tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lásán, WhatsApp á fún un mọ́lẹ̀. Fọ́tò àtijọ́ tí wọ́n yọ lára ògiri, ẹ scan ẹ̀ ní 600 tẹ́ ẹ bá fẹ́ fẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po méjì.

Àwọ̀ ńkọ́? Iná ni fóònù fi ń ṣe àwọ̀, ínkì mẹ́rin ni ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ìyẹn CMYK, kò sì lè tan tó iná láéláé. Mo ti ṣe àwọ̀ ewéko aṣọ ẹbí kan rí tó ń dán gbinrin lójú láptọ́ọ̀pù, ó jáde bí ewé gbígbẹ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sá kúrò nílùú. Torí náà CMYK ni kẹ́ ẹ ti fi bẹ̀rẹ̀. Canva ọ̀fẹ́ (áàpù tí wọ́n fi ń ṣe dìsáínì) ò ní yọ CMYK fún yín o, ti olówó ló ń ṣe é. Dúdú ọ̀rọ̀ kéékèèké, K (ínkì dúdú) 100 nìkan, ìyókù òdo, tí ínkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pàdé lórí lẹ́tà tín-ín-rín tí ọ̀kan yẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ á di méjì-méjì lójú.

Èyí tó ń dùn mí jù ni àmì sí orúkọ wa. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tó rẹwà ni ò mọ ẹ́ àti ọ̀, wọ́n á gbé àpótí síbẹ̀ tàbí kí wọ́n yá lẹ́tà fọ́ǹtì míì wọlé. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ ẹ́ ẹ̀ ọ́ ọ̀ ṣ wò ná. Charis SIL, Gentium àti Noto máa ń gbé e dáadáa. Ẹ má fi full stop sábẹ́ lẹ́tà bíi ti àwọn kan, torí tí ìlà bá sún, àmì ò ní tẹ̀ lé e. Mo ti tẹ ìwé rí tí “ọkọ rere” di “oko rere” lórí ojú ewé àkọ́kọ́, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí wọ́n ti máa sunkún.

Tí ẹbí bá ti fọwọ́ sí i, ẹ sọ ọ̀rọ̀ di curves, ìyẹn àwòrán lẹ́tà tí kò nílò fọ́ǹtì mọ́ (Ctrl+Q ni ní CorelDRAW), kí kọ̀ǹpútà ibi ìtẹ̀wé má lọ pààrọ̀ fọ́ǹtì yín, àmọ́ ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan tí ẹ ò tíì yí, torí tó bá ti yí, ẹ ò lè tún ọ̀rọ̀ kọ mọ́. PDF ni kẹ́ ẹ gbé lọ, kì í ṣe JPEG.

Ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan ṣoṣo síta ná. Ẹ gbé e fún olórí ẹbí kó ka orúkọ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, ibẹ̀ nìjà máa ń wà jù, kó sì kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀ kí wọ́n tó tẹ 300 tó kù.