Ọ̀rá kì í lọ síbì kankan: àṣìṣe tí a ń ṣe lórí ike àti ọ̀rá ní Èkìtì

Bí òjò bá dá ní Adó, tí omi bá ti fà lórí títì, ẹ wo ẹnu gọ́tà. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà ló máa ń kọ́kọ́ yọjú, ìgò oníke á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ike funfun tí wọ́n fi ń bu ìrẹsì fún wa lóde àríyá. Àlejò tó bá rí i á ní ará ìlú yìí ò mọ ìmọ́tótó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ará Èkìtì ń gbálẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ la ti ń gbọ́ ìró ọwọ̀ lágbàlá. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé púpọ̀ nínú ìdọ̀tí yìí, ẹni tó ń tún ilé rẹ̀ ṣe gan-an ló ti ọwọ́ rẹ̀ wá. A gbá a, a kó o jọ, a wá palẹ̀ rẹ̀ mọ́ lọ́nà tó tún burú ju kí a má gbá a lọ. Àwọn ọ̀nà náà ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Ẹ má sun ún

Èyí ló wọ́pọ̀ jù, òun ló sì ń pa wá lára jù. Nírọ̀lẹ́, a ó kó ewé gbígbẹ, pépà àti ọ̀rá jọ sí ẹ̀yìnkùlé, a ó ṣáná sí i. Èmi náà ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a nílé wa. Lójú ẹni, ọ̀rá ti tán. Ṣùgbọ́n ara epo rọ̀bì àti gáàsì inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ̀rá, iná ẹ̀yìnkùlé kò sì gbóná tó láti jó o tán. Ó kàn ń sọ ọ́ di èéfín dúdú tó kún fún èédú kíkúnná, èyí tí ọmọ tó ń ṣeré nítòsí àti àgbà tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yóò fà símú.

Ike tó bo wáyà iná àti èyí tí wọ́n fi ṣe páìpù omi tún léwu ju ọ̀rá lọ. Kílórínì wà nínú wọn, bí wọ́n bá sì ń jó, wọ́n lè bí dáyọ́síìnì, májèlé kan tó máa ń pẹ́ lára ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Ike fóòmù tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí náà ní májèlé tirẹ̀ tó ń tú sílẹ̀ bí iná bá kàn án. Eérú rẹ̀ ńkọ́? Mo ti rí ẹni tó ń kó o dà sídìí tẹ̀tẹ̀ àti ilá, pé ajílẹ̀ ni. Eérú igi là ń pè ní ajílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi eérú ike gbin ohun tí ẹ ó jẹ.

Ó tún ku ọ̀kan tí a kì í kà mọ́ sísun rárá: fífi ọ̀rá dáná. Igi tutù, òjò ń rọ̀, ebi ń pa ọmọ, ni ìyá á bá ki ọ̀rá píọ́ wọ́tà méjì mẹ́ta bọ abẹ́ igi. Ó ń tètè ràn lóòótọ́, n kò lè bá a jà lórí ìyẹn. Àmọ́ ẹnu ààrò ni ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí, ó ń fẹ́ná, ọmọ sì lè wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gùṣọ̀ tí àwọn ìyá wa fi ń dáná kò tíì tán nílẹ̀ yìí. Ibikíbi tí wọ́n bá ti ń ṣe epo pupa ní Èkìtì, ìhá ẹyìn wà níbẹ̀. Ẹ sá a, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí òkè ààrò kí òjò tó dé.

Kí la wá fẹ́ fi ọ̀rá inú ìdọ̀tí ṣe? Ẹ yà á kúrò lára ewé. Ewé àti èèpo iṣu yóò jẹrà, wọn yóò sì di ajílẹ̀. Ọ̀rá ní tirẹ̀, ẹ gbọn omi inú rẹ̀ dànù, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ kó o sínú àpò tirẹ̀ títí tí ọkọ̀ ìdọ̀tí yóò fi dé tàbí tí ẹ ó fi rí ẹni tó ń rà á.

Ẹ má ní òjò á gbé e lọ

Àwọn kan máa ń dúró de òjò ńlá. Bí àgbàrá bá ti ń sáré, wọ́n á da ìdọ̀tí sí i, ilé mọ́, ọ̀rọ̀ parí. Àwọn àgbà ní ara òkìtì ni orúkọ Èkìtì ti wá, nítorí òkè tó yí wa ká. Omi kì í dúró lórí òkè. Ọ̀rá tí ẹnì kan jù sílẹ̀ ní àdúgbò tó ga, ẹnu ọ̀nà ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ ló ń lọ, ìyẹn bí kò bá dí abẹ́ afárá kó tó débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tún mú un jìnnà díẹ̀ sí i. Odò Ọ̀ṣun tí àwọn ènìyàn ń ti òkèèrè wá bọ ní Òṣogbo, tí UNESCO fi igbó rẹ̀ kún ogún àgbáyé ní ọdún 2005, Ìgèdè-Èkìtì níbí ló ti ṣẹ̀. Ó gba Òṣogbo kọjá, ó sì ń lọ já sínú ọ̀sà níhà Èkó. Àwa la wà lókè omi. Ohun tí a bá jù sí i níbí, ilé ẹlòmíràn ló ń bá lọ. Kì í sì í dé ọ̀hún bí ó ṣe kúrò níbí: oòrùn á gbẹ ẹ́, òkúta á họ ọ́, á já wẹ́wẹ́ títí tí ojú kò fi ní rí i mọ́, ẹja á sì gbé e mì.

Èyí tó bá dúró sílé wa náà kò jókòó lásán. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà pọ́njú kiri kì í wá adágún ńlá kiri. Omi tó wà nínú ìdérí ìgò tàbí nínú ọ̀rá tó ká sílẹ̀ tó o láti yé ẹyin sí.

Ti bíbò ó mọ́lẹ̀, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ọ̀rá kì í jẹrà bí ewé, kì í jẹ́ kí omi wọlẹ̀ dáadáa, ọkọ́ yóò sì tún hú u jáde lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó. Ọ̀rá dúdú tí ẹ fi hu ọmọ kòkó, ẹ má gbìn ín mọ́ kòkó, nítorí gbòǹgbò yóò máa ká kò sínú rẹ̀, igi náà kò sì ní fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ má sì fà á ya kí ẹ jù ú sẹ́bàá poro. Bí ẹ bá gbin ẹgbẹ̀rún igi, ẹgbẹ̀rún ọ̀rá ló wà nínú oko yẹn. Ẹ mú àpò kan dání, kí ẹ máa kó wọn sí i bí ẹ ṣe ń bọ́ wọn.

Kẹ́ẹ̀gì oògùn kì í ṣe kẹ́ẹ̀gì omi

Lórí èyí, ohùn mi yóò le díẹ̀. Títún ike lò dára, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìgò àti kẹ́ẹ̀gì tí oògùn apakoríko tàbí oògùn kòkòrò wá nínú rẹ̀, kò sí bí a ṣe lè fọ̀ ọ́ kó mọ́ tó fún omi mímu, epo pupa tàbí àgbo. Oògùn náà máa ń wọ ara ike. Mo ti rí i lóko tí wọ́n fi pọn omi fún àwọn tó ń kọ ebè, mo sì ti rí i lójà tí wọ́n rọ epo sínú rẹ̀. Bí ẹ bá ti lo oògùn tán, ẹ fi omi ṣan ike náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ da omi tí ẹ fi ṣàn án sínú ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fín in, kí ẹ fín in sórí koríko. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀bẹ lu ike náà, kí ó má baà wu ẹnikẹ́ni láti tún lò. Ẹ má fọ̀ ọ́ lódò, ẹ má sì sun ún.

Àṣìṣe ẹni tó ti ń gbìyànjú

Àwọn tó ti ń ṣa ike wọn lọ́tọ̀ náà ń ṣàṣìṣe, wọn kò kàn mọ̀ ni. Wọ́n á kó ìgò tó ní ẹlẹ́rìndòdò nínú pọ̀ mọ́ ọ̀rá tí ọbẹ̀ gbẹ mọ́, wọ́n á da fóòmù lé e, wọ́n á ní kí ẹni tó ń ra ike wá kó o. Irú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ yí ìdí ike padà, ẹ ó rí nọ́ńbà kan láàárín àmì onígun mẹ́ta, láti 1 dé 7. Ìgò omi àti ẹlẹ́rìndòdò jẹ́ 1, ọ̀pọ̀ kẹ́ẹ̀gì jẹ́ 2, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá píọ́ wọ́tà jẹ́ 4, fóòmù jẹ́ 6. Wọn kì í yọ́ wọn pọ̀. Ìgò tó mọ́, tó gbẹ, tó wà lọ́tọ̀, ni ẹni tó ń rà á fẹ́. Fóòmù ní tirẹ̀, ó ṣòro kí ẹ tó rí ẹni tí yóò gbà á. Ìjọba Èkó fòfin dè é ní oṣù kìíní ọdún 2024.

Àwọn mìíràn sì ti kó àpò aṣọ jọ bíi mẹ́wàá, torí pé wọ́n ń pín in níbi ìyàwó àti níbi òkú. Gbígbin òwú náà ń jẹ omi àti ilẹ̀. Àjọ ìjọba kan tó ń rí sí àyíká ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2011 pé ó tó ìgbà 131 tí a ó lo àpò òwú kan kí ó tó sàn ju ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí a lò lẹ́ẹ̀kan lọ, ní ti ìpalára tó ń ṣe fún ojú ọjọ́. Ẹ̀yọ kan tí ẹ ń gbé lọ sọ́jà ní gbogbo ìgbà ni yóò ran ayé lọ́wọ́, kì í ṣe mẹ́wàá tó wà nínú àpótí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an

Àṣìṣe tó bí gbogbo àwọn yòókù ni pé a rò pé ìgbà tí ọ̀rá bá di ìdọ̀tí ni iṣẹ́ wa bẹ̀rẹ̀. Nígbà yẹn, ó ti pẹ́ jù. Nínú gbogbo ike tó ti di ìdọ̀tí ní àgbáyé títí di ọdún 2015, nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 ni wọ́n rí tún ṣe. Ẹ wo ilé kan tó ń mu báàgì píọ́ wọ́tà kan lọ́jọ́ méjì. Ogún ọ̀rá ló wà nínú báàgì kan. Ó di 300 lóṣù, 3,600 lọ́dún, ilé kan ṣoṣo nìyẹn. Kò sí àkìtàn tí yóò gba irú èyí. Nínú ilé tí kànga wà, ẹ se omi kó hó dáadáa, kí ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ rọ ọ́ sínú àmù tó ní ìdérí. Àwọn amọ̀kòkò Ìsàn-Èkìtì kò tíì gbàgbé iṣẹ́ wọn, omi inú àmù sì ń tutù láìsí iná mọ̀nàmọ́ná. Kí píọ́ wọ́tà wà fún ọ̀nà àjò.

Oúnjẹ gbígbóná ló tún kù, èyí sì dùn mí púpọ̀, nítorí Èkìtì ni ilé iyán. Iyán tó ń yọ ooru lọ́wọ́ ni wọ́n ń rọ́ sínú ọ̀rá. Mọ́ínmọ́ín, inú ọ̀rá ni wọ́n tilẹ̀ ti ń sè é. Ooru àti epo máa ń fa kẹ́míkà tí wọ́n pò mọ́ ọ̀rá jáde sínú oúnjẹ. Ọ̀rá dúdú ni kí ẹ sá fún jù, nítorí àlòkù ike oríṣiríṣi ni wọ́n sábà máa ń yọ́ ṣe é. Bí a bá sì jù ú sílẹ̀ tán, òórùn ọbẹ̀ tó wà lára rẹ̀ ni yóò pe ewúrẹ́. Á jẹ ẹ́, kò ní dà nínú rẹ̀, á wú níkùn, a ó máa wádìí ẹni tó fún un ní nǹkan jẹ. Bẹ́ẹ̀ ewé eéran wà nínú igbó wa, gbòdògì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Èmi máa ń gbé abọ́ onídèérí lọ sọ́dọ̀ oníyán mi báyìí. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo ní, "Ìyá, ẹ kú ọjà, ẹ bá mi bù ú sínú èyí." Ó wò mí pé bóyá mo ń fura sí ọ̀rá òun ni. Mo ṣàlàyé fún un, ó sì gbọ́ mi yé. Lọ́sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ó sọ fún mi pé àwọn àgbà kan tó ń rà lọ́wọ́ òun náà ti ní ewé ni àwọn fẹ́, pé iyán inú ewé ní òórùn kan tí àwọn ti pàdánù tipẹ́. Ó ti ń ra ewé lọ́jọọjọ́ ọjà báyìí, ó ń kó o sínú agbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó bá béèrè ni òun ń fi dì í fún.