Bí a ṣe ń tún òfin ìjọba Amẹ́ríkà kà kí ìdánwò tó dé

Lálẹ́ ọjọ́ kan ni ọmọ àbúrò mi já wọlé bá mi l'Òkè-Fìà, ìwé nóòtì mẹ́ta lábíyá. Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù kó ṣe ìdánwò lórí ìjọba Amẹ́ríkà. Mo ní, "Sẹ́nétọ̀ mélòó ni wọ́n ní?" Ó ní 109. Tiwa nìyẹn! Tiwọn ò ju 100 lọ, méjì méjì láti ìpínlẹ̀ 50. Ńṣe ló há gbogbo rẹ̀ sórí, tó wá po ti Amẹ́ríkà pọ̀ mọ́ ti Nàìjíríà.

Ohun tí mo ní kó ṣe rè é, ẹ̀yin náà ẹ gbà á wò.

Ẹ pa nóòtì dé ná. Ibi tí wọ́n ti jà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àdéhùn tí ìpínlẹ̀ 13 kọ́kọ́ ń lò, tó fìdí múlẹ̀ ní 1781, kò fún ìjọba àpapọ̀ lágbára láti gba owó orí. Gbèsè ogun wà nílẹ̀, ìjọba ń tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀, èyí tó bá wù ú ló ń san. Bí wọ́n bá sì fẹ́ tún àdéhùn ọ̀hún ṣe, gbogbo ìpínlẹ̀ 13 gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan. Èyí ló kó aṣojú 55 lọ sí Philadelphia ní 1787. 39 ló buwọ́ lu ìwé òfin tuntun lọ́jọ́ 17 oṣù kẹsàn-án. Ìpínlẹ̀ ńlá ní kí wọ́n fi iye ènìyàn pín ipò aṣòfin, ìpínlẹ̀ kékeré yarí. Wọ́n bá dá ilé méjì sílẹ̀: ọ̀kan ń wo iye ènìyàn, èkejì, ti àwọn sẹ́nétọ̀, fún gbogbo ìpínlẹ̀ ní ọgbọọgba. Ẹni tó bá mọ ìjà yìí kò tún ní gbàgbé 100.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìwé òfin fúnra rẹ̀. Abala 7 péré ni. Ẹ ka mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejì: aṣòfin, Ààrẹ, adájọ́. Ọmọ mi fa ìlà mẹ́ta sẹ́yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan, ó ń kọ ọ́ síwájú agbára kọ̀ọ̀kan pé, "Ta ló lè dá a dúró?" Ààrẹ lè kọ̀ láti buwọ́ lu àbá òfin, ṣùgbọ́n bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé kọ̀ọ̀kan bá tún dìbò fún un, ó di òfin. Ààrẹ ló ń yan adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, àwọn sẹ́nétọ̀ ló ń fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá mọ bí Ọ̀yọ́ Mèsì ṣe ń ṣọ́ Aláàfin, tí àwọn Ògbóni náà ń ṣọ́ Ọ̀yọ́ Mèsì, ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí láti ilé. (Ẹ má kọ ìyẹn sínú ìwé ìdánwò o, àfi bí olùkọ́ yín bá fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀.)

Ibì kan wà tó ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ ó wá agbára tí ilé ẹjọ́ fi ń wọ́gi lé òfin títí nínú ìwé yẹn, ẹ ò ní rí i. Inú ẹjọ́ Marbury v. Madison ti 1803 ni adájọ́ àgbà John Marshall ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Àtúnṣe 27 ló ti wọ inú ìwé òfin náà. Ẹ mọ mẹ́wàá àkọ́kọ́, ti 1791, dáadáa, ẹ fi èyí tó fòpin sí fífi ènìyàn ṣe ẹrú lábẹ́ òfin ní 1865 kún un, pẹ̀lú ti ìbò obìnrin ní 1920. Ìyókù, ẹ kàn fojú gbà á kọjá.

Kí ẹ tó sùn, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò kà á. Ọmọ náà lọ bá ìyá rẹ̀ ní ìsọ̀ èlùbọ́ l'Ọ́jà Ọba. Ìyá gbọ́ ọ tán, ó ń bu èlùbọ́ sí ọ̀rá, ó ní, "Ta ló wá mú kọ́kọ́rọ́ àpótí owó lọ́wọ́?" Ọmọ dákẹ́. Alẹ́ ọjọ́ náà ló padà sí abala kìíní, ó sì fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà: kọ́bọ̀ kan kò gbọ́dọ̀ jáde àfi bí àwọn aṣòfin bá fi òfin gbà á láàyè.