Ẹ wo ìdí ìgò kí ẹ tó sanwó

Oògùn oko ni mò ń tà l'Óǹdó, àwọn oníkòkó ló sì pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. Bí wọ́n bá ti wọlé: "Ìyá, ẹ fún mi ní èyí tó gbóná." Èmi náà á ní, kí lẹ fẹ́ fi pa? Oògùn koríko ò pa kòkòrò, oògùn kòkòrò ò sì ran kòkó tó ń dúdú tó ń jẹrà lásìkò òjò. Èyí tó ní bàbà nínú la fi ń fín ìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìsàlẹ̀ ìwé ara ìgò. Ẹ ó rí ìlà aláwọ̀ kan tó fẹ̀ bí ọ̀já. Àjọ Ìlera Àgbáyé ló pín oògùn sí ìpele bí oró rẹ̀ ṣe le tó: pupa ló burú jù, yẹ́lò tẹ̀ lé e, búlúù, kó tó kan àwọ̀ ewé. Dichlorvos, oògùn kòkòrò kan, wà nínú pupa. Láti 2019 ni NAFDAC ti fòfin de ìgò kékeré rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má fọkàn tán àwọ̀ nìkan. Ara eku ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n: ìwọ̀n tó máa pa eku bó bá gbé e mì, tàbí bó bá kan ara rẹ̀. Kò sọ ti ẹja inú odò, kò sọ ti àìsàn ọdún mẹ́wàá. Yẹ́lò ni paraquat, oògùn koríko kan, mo sì máa ń sọ fún èèyàn tẹ́lẹ̀ pé kò le tó bẹ́ẹ̀. Àfi ìgbà tí oníbàárà mi kan bù ú sínú ìgò mínírà, tó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti ń ṣí ìdérí kí ìyá àgbà tó já a gbà. Paraquat ò ní ẹ̀rọ̀ o! Láti oṣù kìíní 2024 ni NAFDAC ti fòfin dè é. Ẹni tó bá ń rọra tà á fún yín lábẹ́ káńtà, ẹ yẹra fún un.

Ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò, kí ẹ sì ka iye ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ dúró kí ẹ tó kórè. Bí ẹ kò bá lè kà á, ẹ ní kí n kà á fún yín, mi ò gbowó ìyẹn.

Tó bá tán, ẹ fi omi ṣan ìgò náà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ da omi ọ̀hún sínú pọ́ǹpù kí ẹ fi í fín oko, kí ẹ wá lu ìdí ìgò. Àwọn kan ṣì ń fi irú ìgò bẹ́ẹ̀ ra epo pupa.