Bí ẹ ṣe lè mú kí gègé fáńtéènì oníke pẹ́ lọ́wọ́ yín

Ẹni tó bá rí gègé fáńtéènì mi, èyí oníke tí à ń rọ íńkì olómi sí, ní yàrá olùkọ́ á kọ́kọ́ gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, á sọ ọ́ sókè díẹ̀, á ní, "Èyí mà fúyẹ́ o. Ṣé ó lè pẹ́ báyìí?" Ó lè pẹ́. Ìfúyẹ́ kọ́ ni í ba gègé jẹ́. Bó bá tilẹ̀ já bọ́, kì í fi agbára lu ilẹ̀ tó èyí tí wọ́n fi idẹ ṣe. Ibi mẹ́ta ni ẹ ní láti ṣọ́ lára rẹ̀: ẹnu rẹ̀, ibi tí apá méjèèjì ti lọ́ mọ́ra, àti ìdérí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí rírà. Fáńtéènì kan wà tó ń jẹ́ Lamy Safari, tó jáde ní Jámánì ní 1980. Ike ABS ni wọ́n fi ṣe é, irú ike líle tí wọ́n fi ń ṣe Lego, bíríkì ìṣeré ọmọdé. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù 17 lọ, ọmọ iléèwé ni wọ́n sì kọ́kọ́ ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é, ẹ sì mọ bí ọmọ iléèwé ṣe ń lo nǹkan. Ike tó mọ́ gaara bíi gíláàsì rẹwà lóòótọ́, àmọ́ òun ló máa ń tètè sán. Ẹ tú gègé náà, ẹ gbé e sójú oòrùn, kí ẹ wo ibi tó ti ń lọ́ dáadáa. Bí ẹ bá rí ìlà tín-ín-rín bí irun orí níbẹ̀, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà.

Lẹ́yìn náà, íńkì. Íńkì olómi tí wọ́n ṣe fún fáńtéènì nìkan ni kí ẹ rọ sí i. Íńkì sítáńbù kò dáa fún un. Tàdáwà tí wọ́n fi ń kọ wàláà nílé kéú náà kò bá a mu, nítorí èédú àti oje igi tó wà nínú rẹ̀ á dí i lọ́fun. Ẹ fa íńkì kún ọ̀pá inú rẹ̀, ẹ má dá a sí ìdajì.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ kíkún yìí rèé. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kẹta, mo wọ kọ́rọ́pẹ́ láti Post Office lọ sí Tanke. Jàlàbíà funfun ló wà lọ́rùn mi, íńkì gègé mi kò tó ìdajì mọ́, mo sì dorí rẹ̀ kodò sínú àpò. Oòrùn Ìlọrin lóṣù kẹta, ẹ mọ̀ ọ́n. Afẹ́fẹ́ tó bá gbóná máa ń wú. Èyí tó wà nínú gègé wú, ó sì ti íńkì jáde. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, àyà mi ti di aró. Ìyàwó mi fi bílíìṣì fọ̀ ọ́ títí, àmì náà ṣì wà níbẹ̀ dòní. Láti ìgbà náà, ẹnu gègé mi kì í kọjú sílẹ̀ nínú àpò mọ́, mi ò sì í fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà lóòrùn.

Bí ẹ bá ń dé e, ẹ lọ́ ọ títí tó fi dúró, kí ẹ jáwọ́. Àfikún tí ọwọ́ máa ń fẹ́ ṣe yẹn, òun gan-an ni í sán ike. Èyí tí kì í lọ́, tó kàn ń dún "kọ́" nìkan, ẹ má yí i rárá.

Lásìkò ọyẹ́, bí ẹ bá dúró díẹ̀ dá ẹnìkan lóhùn, íńkì ti gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ dé e kí ẹ tó dáhùn.

Ẹni tó bá sì ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní bírò," bírò gan-an ni kí ẹ fún un. Ọwọ́ tó ti mọ́ bírò lára máa ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀, ẹnu fáńtéènì kò sì gba títẹ̀.

Lóṣooṣù, ẹ fi omi tútù ṣàn án, ẹ máa fà á wọlé, ẹ máa tì í jáde, títí omi á fi mọ́. Kò gbọdọ̀ jẹ́ omi gbígbóná tàbí spirit, nítorí wọ́n ń ba ike jẹ́. Bí omi kànga yín bá máa ń fi funfun sílẹ̀ nídìí kẹ́tù, ẹ fi pure water ṣàn án kẹ́yìn. Ẹ dorí rẹ̀ kodò sórí tíṣù di àárọ̀.

Bó bá wá já bọ́ sórí táìsì tó fẹnu lélẹ̀ ńkọ́? Ẹ wo ẹnu rẹ̀ lójú ìmọ́lẹ̀. Bí apá méjèèjì tí ẹnu náà là sí kò bá dọ́gba, ẹ fi èékánná tì wọ́n díẹ̀díẹ̀, ẹ má fi pínsáà kàn án. Bó bá ti wọ́ kọjá bẹ́ẹ̀, ẹnu Safari ṣeé fà yọ, ẹ sì lè ra òmíràn fi sí i láìra odindi gègé. Nílé kéú, bí gègé bá kújú, Áfáà á fọ̀bẹ gé e, á tún mú. Ẹ má dán ìyẹn wò lára èyí: irin líle bíńtín tí wọ́n jó mọ́ ṣónṣó rẹ̀ ló ń fọwọ́ kan ìwé, bí ẹ bá sì ha á kúrò, irin lásán ló kù tí á máa ha ìwé yín.