Bẹ́ ẹ ṣe lè ṣe adájọ́ ìdíje kúlúù láàárín ọ̀rẹ́ láì dìjà

Àtidá ìdíje kúlúù krọ́sìwọ́ọ̀dù sílẹ̀ ò le rárá. Kúlúù ni gbólóhùn kékeré tó ń tọ́ka sí ọ̀rọ̀ téèyàn máa kọ sínú àwọn ilé krọ́sìwọ́ọ̀dù, lẹ́tà kan sínú ilé kan. Ẹ mú ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin, kí oníkálùkù lọ kọ kúlúù fún wọn lédè Yorùbá, tó bá dìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè kẹ́ ẹ pàdé níbi tẹ́ ẹ bá ti máa ń jókòó, Alágbàká ni tiwa, ẹlòmíì lè fẹ́ Ìjàpọ̀, ibi tí ẹja yíyan bá ṣáà ti wà l'Ákùúrẹ́ yìí. Ìdájọ́ gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀, torí ẹni tó kọ kúlúù ti mọ ìdáhùn ẹ̀ látilé, lójú tiẹ̀ kò sóhun tó ṣòroó rí níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá ní kò wọlé, á ní ẹ ò gbọ́ Yorùbá ni.

Fún ẹni tí ò tíì bá wa ṣe é rí, irú kúlúù tí mò ń sọ yìí, ẹlẹ́tàn ni. Apá kan nínú ẹ̀ ń sọ ìtumọ̀ ìdáhùn, apá kejì ń sọ bẹ́ ẹ ṣe máa to lẹ́tà ẹ̀, wọ́n á wá so méjèèjì pọ̀ bíi gbólóhùn kan tó ń sọ nǹkan míì pátápátá. Ẹ wo eléyìí: "Yí ẹbọ padà, wàá rí ohun tí wọ́n fi ń jẹ iyán (3)". Tẹ́ ẹ bá ka ẹbọ látẹ̀yìn, ọ, b, ẹ, ọbẹ̀ nìyẹn, òun náà la sì fi ń jẹ iyán. (3) tó wà níparí ẹ̀, iye lẹ́tà ìdáhùn ni. Létí ẹni tí ò mọ̀, ọ̀rọ̀ babaláwo ni.

Kí ẹnikẹ́ni tó kọ nǹkan kan, ẹ fẹnu kò lórí lẹ́tà àti àmì. Ibí ni ìjà pọ̀ sí jù, ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò sì lè bá wa dá a torí wọn ò nírú ẹ̀. Èrò tèmi ni pé ẹ àti e kì í ṣe lẹ́tà kan náà, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ àti o, bẹ́ẹ̀ náà ni ṣ àti s, ẹni tó bá yí "owó" tó ní òun rí ọ̀wọ̀, kó lọ jókòó. Gb náà, lẹ́tà kan ni nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tá a ní, ilé kan ṣoṣo ló máa gbé, ìyẹn ló jẹ́ kí "Ẹ kà á síwá, ẹ kà á sẹ́yìn, ẹni tí wọ́n ń kúnlẹ̀ kí náà ni (3)" dùn tó bẹ́ẹ̀, torí àgbà ni, iwájú ẹ̀ àti ẹ̀yìn ẹ̀ ò yàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá ka g lọ́tọ̀ kẹ́ ẹ ka b lọ́tọ̀, kúlúù yẹn ti kú.

Àmì ohùn ni mo máa ń fi sílẹ̀ nígbà tá a bá ń to lẹ́tà, torí tẹ́ ẹ bá ní kó bára mu níbi gbogbo, kò ní sẹ́ni tó máa lè kọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ gbọ́dọ̀ bá ohùn ìdáhùn mu. Ti ẹbọ yẹn, iyán tó wà níbẹ̀ ló jẹ́ ká mọ̀ pé ọbẹ̀ ni, kì í ṣe ọ̀bẹ, ká ní ó kàn kọ "ohun tó wà ní kíṣìnnì" ni, méjèèjì á wọlé, ẹ̀yin adájọ́ lẹ máa wá jẹ̀bi. Bí kúlúù bá sì jẹ́ ìtumọ̀ méjì tí wọ́n tò tẹ̀léra, èyí tí ohùn ẹ̀ dọ́gba ni kẹ́ ẹ fi ṣíwájú. Wọ́n ní ká kọ kúlúù fún Ọ̀wọ̀, ẹnì kan kọ "Ìlú tí wọ́n fi ń gbálẹ̀", ẹnì kejì kọ "Ìlú tí wọ́n ń bù fún àgbà". Ti àkọ́kọ́ pa wá lẹ́rìn-ín, àmọ́ ọwọ̀ tá a fi ń gbálẹ̀ kì í ṣe ohùn Ọ̀wọ̀, ti ẹnì kejì bọ́ sí i gẹ́lẹ́. Òun ni mo fún ní máàkì.

Adájọ́ ò gbọdọ̀ mọ ẹni tó kọ èwo. Ẹ wá ẹnì kan tí ò bá wọn díje kó gba gbogbo ẹ̀ lórí WhatsApp, kó fún wọn ní nọ́ńbà, kó tún wọn tẹ̀ kí ẹ má baà fi bí ẹnì kan ṣe máa ń kọ̀wé dá a mọ̀. Tó bá sì ṣeé ṣe, kó má tíì sọ ìdáhùn fún yín, kẹ́ ẹ fúnra yín kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀ bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan, kẹ́ ẹ kọ ibi tí ẹ há sí àtohun tó tú yín sílẹ̀. Iṣẹ́ adájọ́ ò ju ìyẹn lọ ní tòótọ́. Ẹni tó ti mọ ìdáhùn, gbogbo kúlúù ló máa jọ èyí tó rọrùn lójú ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ tú u palẹ̀, kẹ́ ẹ bi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pé kí niṣẹ́ ẹ̀ níbí. Èyí tó dùn mí jù ni ti Àkúrẹ́. Gbogbo ọmọ ìlú yìí ló ti gbọ́ ìtàn ẹ̀ ní kékeré pé àkún ló rẹ́ níbi tí wọ́n tẹ̀dó sí, ni ẹnì kan bá kọ "Ìlẹ̀kẹ̀ ọba já, ó di ìlú (5)", gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́ o. Ìgbà tí mo wá kà á, àkún jẹ́ lẹ́tà mẹ́rin, rẹ́ jẹ́ méjì, mẹ́fà nìyẹn, n kan ṣẹ́ kù tí ò rí ilé gbé. Ìtàn dáa, ìṣirò ò pé. Mo fi sípò kẹta. Ẹni tó kọ ọ́ bínú fúngbà díẹ̀, nígbà tó yá ló fi ọ̀rọ̀ kan kún un: "Ìlẹ̀kẹ̀ ọba tí ò nídìí já, ó di ìlú". Ẹ ò rí nǹkan! Àkún tí ò nídìí, n tó wà nídìí ẹ̀ ti lọ, ó ku àkú, já sì ni rẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń kà á lásán á rò pé já tí ò nídìí kan pàtó ni. Ká ní ó ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ látilé ni, òun ni ì bá gbégbá orókè, àmọ́ ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni kẹ́ ẹ fún ní máàkì, ẹ má bá ẹnikẹ́ni tún tiẹ̀ ṣe nínú orí yín.

Ọ̀rọ̀ tí ò níṣẹ́, ẹ gé máàkì ẹ̀. "Inú ọjà tà ni ìyàwó bàbá kan l'Ọ́jà Ọba ti rí ohun tó ń ta lẹ́nu (3)", ata ló fara pa mọ́ sáàárín "ọjà tà" yẹn, kí wá ni ti ìyàwó bàbá? "Inú ọjà tà ni mo ti rí ohun tó ń ta lẹ́nu" ti tó.

Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ kan fúnra yín kẹ́ ẹ tó da lẹ́tà ẹ̀ rú, ẹ dá tiẹ̀ padà, lẹ́tà tí wọ́n fẹ́ dà rú gbọ́dọ̀ wà lójú kúlúù. Èdè ìlú náà, bíi kí wọ́n fi ulé ṣe ìdáhùn dípò ilé, mi ò kọ̀ ọ́, tó bá ṣáà ti ṣẹ́jú fún wa pé ẹnu ará ibí ni.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe irú ìdíje yìí tipẹ́. Torquemada bẹ̀rẹ̀ krọ́sìwọ́ọ̀dù ẹlẹ́tàn tiẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Observer ní 1926, Ximenes gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ní 1939, òun ló tẹnu mọ́ ọn pé kí kúlúù má rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, Azed sì bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní 1972, orúkọ ìnagijẹ sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí mo jí lọ́dọ̀ wọn ni pé wọn kì í dúró sórí ipò kìíní, kejì, ìkẹta, wọ́n tún ń ka orúkọ àwọn tó gbìyànjú gan-an. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń tu èèyàn nínú.

Tó bá di pé kúlúù méjì péye bákan náà, ìgbà yẹn ló tó kan adùn. Èwo ló dún bí ọ̀rọ̀ téèyàn lè sọ lójú títì? Èwo lẹ rántí nígbà tẹ́ ẹ délé? Ìyẹn ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ má fi adùn ṣáájú o, torí ẹni tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ máa fi ẹ̀rín gba máàkì lọ́wọ́ yín.

Ẹ ka èsì pẹ̀lú àlàyé, gbólóhùn kan fún kúlúù kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó dáa. Tó bá jẹ́ ti àgbà, ẹ fohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́: "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín dùn gan-an, lẹ́tà kan ni ò rílé gbé." Tó bá fẹ́ jiyàn, ẹ fún un ní bírò kó to lẹ́tà náà síta lójú gbogbo ayé. Ẹni tó bá gbégbá orókè ló máa ṣe adájọ́ ìgbà tó ń bọ̀, òun ló máa mú ọ̀rọ̀, kò sì ní lè bá wọn díje lóṣù yẹn.