Bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe padà lẹ́yìn tí a so router firewall mọ́ ilé wa ní Kubwa
Wi-Fi router firewall tuntun náà (ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún ilé, tó sì ń dí ohun tó léwu lọ́nà) ń hàn lórí fóònù, ṣùgbọ́n ojú-ìwé kankan kò ṣí. A pa á, a tún un tàn, a pààrọ̀ wáyà. Pàbó ló já sí, iná tó sì ń lọ tó ń bọ̀ tún dá kún wàhálà wa. Àṣé àdírẹ́sì (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ) kan náà, 192.168.1.1, ni òun àti router ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì wa ń lò, tí firewall kò fi mọ ìhà tí yóò darí ìsọfúnni sí. Mo yọ wáyà WAN (èyí tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọlé), mo so kọ̀ǹpútà mọ́ ojú LAN (ibi tí a ń so ẹ̀rọ inú ilé mọ́), mo yí àdírẹ́sì LAN firewall náà sí 192.168.10.1, mo dá wáyà padà, mo sì tún un tàn. Bí àdírẹ́sì tiyín bá ti yàtọ̀ síra tẹ́lẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìṣòro yín jẹ́ òmíràn.